Mítà Mẹ́jọ Okùn Dígí

Òfin kan ṣoṣo ló wà lára ògiri yàrá iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀ ní yunifásítì tó wà lókè ìlú Patras nílẹ̀ Gíríìsì, Bàbá Gerasimos ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́: ẹni tó bá fi kún èrò, kó fi kún okùn. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló mọ̀ ọ́n. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ mọ̀ ọ́n. Asimina, tó ti lo ọdún mẹ́fà níbẹ̀, tó sì máa ń fi òfin náà bú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, òun ló wá rú u.

Ọ̀rọ̀ òfin náà kò le rárá. Iṣẹ́ wọn ní yàrá yẹn ni kí ọ̀rọ̀ tí èèyàn fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ máa bá ìmọ́lẹ̀ rìn nínú okùn dígí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láì bọ́ sílẹ̀ lọ́nà. Wọ́n á di ọ̀rọ̀ náà ní ìdì kéékèèké, ibi tí ìdì kọ̀ọ̀kan ń lọ á sì wà ní kíkọ síwájú orí rẹ̀. Nígbà tí ìdì mẹ́jọ bá dé oríta lẹ́ẹ̀kan náà, tí mẹ́ta nínú wọn sì fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo, àfi kí ẹnìkan pín ọ̀nà fún wọn. Ètò tó ń pín in ni wọ́n ń pè ní Ọlọ́pàá, Asimina ló sì kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ kì í dúró. O ò lè ní kó jókòó kó máa retí. Ohun tí o lè ṣe ni kí o rán an gba ọ̀nà jíjìn, kó máa yí po nínú okùn gígùn tí a ká sórí róòlù, títí Ọlọ́pàá á fi ronú tán tí á sì ṣílẹ̀kùn. Bí Ọlọ́pàá bá ń ronú pẹ́ sí i, okùn gbọ́dọ̀ gùn sí i. Bí okùn bá kúrú, ìdì á dé kí ìlẹ̀kùn tó ṣí, orí rẹ̀ á sì gé síta.

Bàbá Gerasimos ló ń ká okùn. Ará erékùṣù Kefalonia ni, ó ti lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún, ó sì ti lo ọgbọ̀n ọdún nídìí síso okùn tó tín ju irun orí lọ, tí ojú ibi tó so kò ní hàn. Ó ní kẹ̀kẹ́ onígi kan tó gbẹ́ fúnra rẹ̀, tí ìyípo rẹ̀ jẹ́ ìdajì mítà géérégé. Á máa yí i, á máa kà á sókè, ẹni tó bá sì bá a sọ̀rọ̀ nígbà tó ń kà, á gbọ́ ohun tí etí rẹ̀ ò fẹ́ gbọ́. Tó bá ká a tán, á lẹ orí okùn mọ́ ara róòlù, á kọ iye mítà síbẹ̀, àti ọjọ́, àti orúkọ ara rẹ̀. Igba mítà ni Ọlọ́pàá Asimina ń fẹ́. Irinwó ìyípo nìyẹn, Bàbá sì ká a pé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí àwọn àlejò tó ń fún wọn lówó iṣẹ́ á dé láti Brussels lọ́jọ́ kejì rẹ̀, Asimina rí èsì tí àwọn kan gbé jáde ní ilẹ̀ Faransé. Èsì tiwọn fi díẹ̀ dára ju tirẹ̀ lọ. Inú bí i. Ó jókòó, ó sì fi ìlà mọ́kànlá kún Ọlọ́pàá: lẹ́yìn tí Ọlọ́pàá bá ti pín ọ̀nà tán, kó tún padà wo àwọn tí kò rí ọ̀nà gbà, bóyá ẹnu ọ̀nà kan ṣì ṣófo tó lè gbà wọ́n. Ó dán an wò pẹ̀lú ìdì díẹ̀, ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́: nígbà tí ìdì kò bá pọ̀, kò sí ìjà lójú ọ̀nà, Ọlọ́pàá kì í sì í ronú lẹ́ẹ̀kejì. Kò kọ ọ́ sínú ìwé àyípadà yàrá iṣẹ́, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ká má parọ́, okùn ò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn. Ìyìn ló wà lọ́kàn rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, àlejò márùn-ún jókòó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kleanthis, ọ̀gá wọn, de táì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fún un lọ́rùn pa. Ó ní kí wọ́n ṣí gbogbo ọ̀nà, kí ìdì máa wọlé ní àkúnya. Ìṣẹ́jú kan kò pé tí ojú kọ̀ǹpútà fi pọ́n wẹ̀ẹ̀: ìdajì àwọn ìdì ló ń dé láìlórí.

Kleanthis fa bébà kan jáde, ó ṣírò, ó sì fọwọ́ nu iwájú orí.

"Àwọn ìdì ló ń yára dé jù. Okùn yìí kúrú. Mítà mẹ́jọ ló fi kúrú." Ó yíjú padà. "Gerasimos, mítà mélòó lẹ ká?"

"Igba."

"Ó dá yín lójú?"

Bàbá yọ awò ojú rẹ̀, ó fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún, ó tún un wọ̀, ó sì tẹjú mọ́ ohun tó kọ sára róòlù bí ẹni pé ẹlòmíì ló kọ ọ́.

"Ó lè jẹ́ èmi ni mo ṣì í kà, Ọ̀gá. Ojú àgbà ti ń hùwà."

Bí Kleanthis ṣe pe mítà mẹ́jọ ni Asimina ti mọ̀. Ó mọ̀ kí ọ̀gá tó gbé bíírò kalẹ̀. Ìlà mọ́kànlá rẹ̀ ń jẹ àsìkò tí ìmọ́lẹ̀ fi ń rin mítà mẹ́jọ nínú dígí, kò lé, kò dín. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀, àfi bí Kleanthis ṣe dojú kọ àwọn àlejò, tó ní, "Ẹ má bínú, iṣẹ́ ọwọ́ lásán ló yẹ̀. Ẹ̀rọ inú rẹ̀, èyí tí Asimina kọ, kò ní àbùkù kankan." Àwọn àlejò sì wo Asimina, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Ẹnu tó là, ó pa á dé.

Wákàtí kan kò pé tí Bàbá fi so mítà mẹ́jọ mọ́ okùn náà, nígbà tí àwọn àlejò ń mu kọfí. Wọ́n tún un dán wò, gbogbo ìdì sì ń dé pẹ̀lú orí lọ́rùn. Èsì ọ̀hún ju ti àwọn ará Faransé lọ fíìfíì. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Asimina. Mítà mẹ́jọ tí Bàbá so mọ́ ọn ló sì bo ẹ̀rí mọ́lẹ̀: okùn ti di igba mítà lé mẹ́jọ, ṣùgbọ́n gbogbo wọn gbà pé igba ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pé, kò sẹ́ni tó tún wọ̀n ọ́n wò. Bàbá fúnra rẹ̀ ló fa ìlà gba orí igba tó kọ sára róòlù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó ní òun fẹ́ fẹ̀yìn tì. Ó ku ọdún méjì kí àsìkò rẹ̀ pé. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ díẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń bẹni níbi iṣẹ́. Ó ní dígí kì í foríji àgbàlagbà. Ìwé ìwádìí Asimina jáde lóṣù kẹsàn-án, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé igba mítà okùn tó fún Ọlọ́pàá òun láti ronú. Nígbà tí Kérésìmesì fi máa dé, yunifásítì ti fún un ní iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó ṣu ní í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ti Asimina kò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹun, bó bá ń kọ́ni, bó bá ń wẹ̀, mítà mẹ́jọ ń bẹ lọ́rùn rẹ̀. Ó ń jẹ̀bi, ó mọ̀ pé òun ń jẹ̀bi, ó sì ń sọ fún ara rẹ̀ lójoojúmọ́ pé tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òun á sọ ọ́. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ohun tó wá fi ń tu ara rẹ̀ nínú ni pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàbẹ̀wò sí Bàbá àti ìyàwó rẹ̀, Diamantina, nílé wọn létí èbúté. Ó lọ lóṣù kẹwàá, ó jẹ ẹran ehoro. Ó lọ ní oṣù kìíní, ó jẹ àkàrà òyìnbó ọdún tuntun. Ìgbà méjèèjì ló gbé ọ̀rọ̀ náà lọ tó tún gbé e padà wálé.

Ìgbà kẹta jẹ́ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kẹta, ọjọ́ ọdún tí gbogbo ilé ní Gíríìsì fi ń jẹ ẹja. Diamantina din ẹja oníyọ̀, ó sì gún aáyù mọ́ ànàmọ́ débi pé gbogbo àtẹ̀gùn ilé ló ń ta sánsán. Wọ́n ò tíì jókòó tán tí obìnrin àjà kejì, Evdokia, fi wọlé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, abẹ́rẹ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtọ̀ ṣúgà ń bá Diamantina jà.

"Gbé apá wá, kí n tètè padà sídìí ìkòkò mi," ni Evdokia wí. "Ẹ sì ti gbọ́ o, tí Àjíǹde bá ti kọjá, mò ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ mi ní Jámánì. Ẹ wá ẹni tí á máa gun òkè wá gún un."

"A máa rí ẹnìkan," ni Bàbá wí. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Ẹnìkan wo?" Diamantina fa apá aṣọ rẹ̀ sílẹ̀. "Ọwọ́ tèmi ń gbọ̀n. Ọmọ mi, o rí ọkùnrin yìí? Ọdún méjìlá ló fi ń gún mi, n kì í mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tó ń so irun orí pọ̀, ó wá ń sá fún abẹ́rẹ́. Ó ní kí n lọ máa gbé lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Kefalonia. Lẹ́yìn ọdún méjìdínlógójì, ó ń lé mi."

"Mi ò lé ọ. Kì í ṣe abẹ́rẹ́ ni mò ń bẹ̀rù, kíkà ni. Ẹni tó ṣi mítà mẹ́jọ kà lójú àlejò, o fẹ́ kó máa ka ìlà tó wà lára abẹ́rẹ́ fún ọ? Ìlà mẹ́ta péré lè sọ ọ́ dèrò ọ̀run."

Evdokia ti gún un tán, ó ti lọ. Asimina gbé fọ́ọ̀kì kalẹ̀. Ó ti ń rò láti ọjọ́ àlejò yẹn wá pé iyì Bàbá lòun jí. Kò mọ̀ pé òun tún ti mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lápá ìyàwó rẹ̀.

"Bàbá, ẹ ò ṣì í kà."

"Kí ni?"

"Igba mítà lẹ ká, ó sì pé. Èmi ni mo fi kún èrò tí mi ò sọ fún yín. Ìlà mọ́kànlá. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni. Àwọn ìlà yẹn ló ń jẹ mítà mẹ́jọ. Èmi ni. Mo dúró síbẹ̀, mo jẹ́ kí ẹ gbà á sórí."

Ó ń retí kí Bàbá dìde, kó lé e jáde. Bàbá na ọwọ́ sí i lórí tábìlì, ó sì rọra gbá a lẹ́yìn ọwọ́ bí ẹni ń rẹ ọmọdé.

"O ṣeun, ọmọ mi."

"Bàbá, òótọ́ ni mò ń sọ."

"Mo mọ ibi tí mo ti ṣì í. Mo ti rò ó títí, mo ti rántí. Ìyípo ọ̀ọ́dúnrún lé díẹ̀ ni mo wà tí fóònù dún, àbúrò mi obìnrin ló pè láti Argostoli ní Kefalonia nítorí ọ̀rọ̀ ilé tó ń jò. Mo gbé e, mo padà sídìí kẹ̀kẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò yẹ. Ìyípo mẹ́rìndínlógún ni mo fò. Mo ń rí i báyìí bí mo ṣe ń rí ẹ."

"Èmi ni mo gbé fóònù yẹn! Ẹ ti ká a tán. Ẹ ti lẹ orí okùn, ẹ ń kọ orúkọ yín sára róòlù. Mo ní kí ẹ wá, ẹ ní kí n sọ fún un pé ẹ ń bọ̀."

"Rárá o." Ó mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Diamantina, ṣé o rí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé? Ó rí i pé ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ń dùn mí, ó fẹ́ gba ẹ̀ṣẹ̀ mi sórí ara rẹ̀. Àwọn ọmọ tí a bí gan-an, kí ni wọ́n ń ṣe? Ọjọ́ àjọ̀dún orúkọ rẹ nìkan ni wọ́n máa ń pè."

Ojú Diamantina kún fún omi. Ó dìde, ó di ẹja mẹ́rin sínú bébà fún Asimina, ó fi ọsàn òroǹbó kún un, ó sì fẹnu kò ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Asimina bẹ̀bẹ̀, ó ṣàlàyé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Bó ṣe ń sọ ọ́ tó ni wọ́n ń fẹ́ràn rẹ̀ sí i. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn níta pẹ̀lú ẹja gbígbóná lórí itan, ó sì sunkún títí Evdokia fi yọjú wò ó láti àjà kejì.

Lọ́jọ́ kejì, ó kọ lẹ́tà. Ó kọ ọ́ sí gbogbo ará yàrá iṣẹ́, sí àwọn àlejò márààrún, sí àwọn tó tẹ ìwé ìwádìí rẹ̀. Ó fi ìlà mọ́kànlá náà síbẹ̀, pẹ̀lú wákàtí tí kọ̀ǹpútà kọ sílẹ̀ pé òun fi wọ́n kún un. Kó tó fi ránṣẹ́, ó gbé e lọ fún Kleanthis. Kleanthis kà á, ó kà á tán, ó sì gbójú sókè.

"Ta ló bi ọ́ léèrè?"

"Kò sẹ́ni tó bi mí, Ọ̀gá."

"Bàbá yẹn ti gbà pé òun ló ṣe é. Kò sẹ́ni tó ń bá a jà. Kí lo tún ń wá?"

"Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. Ó ti gbà."

"O mọ̀ pé wọ́n á fa ìwé yẹn ya? O mọ̀ pé iṣẹ́ tí wọ́n fún ẹ, orí ìwé yẹn ló dúró? Èmi náà, ojú wo ni mo fẹ́ fi wo Brussels?"

"Mo mọ̀."

Kleanthis ju lẹ́tà náà sórí tábìlì. Ó dìde, ó lọ dúró lójú fèrèsé, níbi tí èèyàn ti lè rí afárá ńlá tó gba orí òkun kọjá. Ó jọ pé òun náà ń rántí ọjọ́ tó bi àgbàlagbà ní ìbéèrè lójú àlejò, tí kò sì wọn okùn wò kó tó dájọ́.

"Fi ránṣẹ́," ló wí níkẹyìn. "Orí ẹ ò pé, ṣùgbọ́n fi ránṣẹ́."

"Ó ku ohun kan, Ọ̀gá. Ẹ̀yin lẹ máa kà á fún Bàbá. Bó bá jẹ́ èmi, á ní àánú ni mò ń ṣe."

"Tó bá jẹ́ èmi ńkọ́?"

"Kò sẹ́ni tó máa fura sí yín pé ẹ ṣàánú."

Kleanthis wò ó bí ẹni tó fẹ́ bínú, ó sì mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ méjì kọjá. Lẹ́tà ìbéèrè ti bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti ọ́fíìsì yunifásítì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bó bá ti wọlé. Ẹnìkan tilẹ̀ ti fi bíírò pupa fa ìlà sábẹ́ òfin ara ògiri. Asimina kò nù ún. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni fóònù dún lórí tábìlì rẹ̀.

"Asimina."

"Bàbá."

"Kleanthis wá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ní kó ka lẹ́tà yẹn. Lẹ́yìn náà mo gbà á, mo kà á fúnra mi." Ohùn rẹ̀ gbẹ. "Igba ni mo ká?"

"Igba géérégé, Bàbá. Kò fi ìka kan dín."

"Fóònù yẹn ńkọ́?"

"Ẹ ti ká a tán kó tó dún."

Asimina gbọ́ tó yíjú kúrò nídìí fóònù, tó ń sọ fún ẹnìkan pé, "Igba ni. Mo ní igba ni." Ó gbọ́ ohùn Diamantina, kò gbọ́ ohun tó wí. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Bàbá tó padà.

"Mo gún un lábẹ́rẹ́ láàárọ̀ yìí. Èmi ni mo kà á. Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n lára."

Ayọ̀ gba Asimina lọ́kàn débi pé ó fi ọwọ́ di etí tábìlì mú. "Bàbá, Ọlọ́run ṣeun. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n—"

"Dúró ná. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán." Ó ń mí sókè sódò. "Gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, mo ń wo ọwọ́ ara mi bí ọwọ́ olè. Mo fẹ́ rán ìyàwó mi lọ sí ìdálẹ̀. Láàárín ẹ̀, ìwọ, ìgbà mẹ́ta lo jókòó sídìí tábìlì mi, tí o jẹun, tí o bu sí i."

Kò sí irọ́ nínú rẹ̀, ó bu sí i lóòótọ́.

"Má wá síbí mọ́," ni Bàbá Gerasimos wí, ó sì gbé fóònù kalẹ̀.